Ọkọ̀ Ogun Onígi tí Kọ́bọ̀ Àwọn Ọmọdé Gbà Là

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìtàn ìlú wa ni a máa ń kọ sínú ìwé yìí lọ́dọọdún, ó tọ́ kí a yọjú wo òde lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí a lè mọ bí àwọn ẹlòmíràn ti ń tọ́jú ohun àtayébáyé tiwọn.

Ìtàn tí a mú wá lọ́dún yìí jẹ́ ti ọkọ̀ ogun kan tí a fi igi kàn, tí ó ti lo ju 200 ọdún lọ láyé, tí ó sì ń léfòó lórí omi títí di òní ní èbúté Boston ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Orúkọ rẹ̀ ni Constitution, èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ Ìwé Òfin Ìlú. Nínú gbogbo ọkọ̀ tí ó ṣì ń jẹ́ ọkọ̀ ogun lábẹ́ ìjọba, tí ó sì ń léfòó, òun ni àgbà gbogbo wọn ní àgbáyé.

Ìdí méjì ni a fi mú ìtàn rẹ̀ wá síwájú yín. Èkíní ni pé ọ̀rọ̀ ọkọ̀ náà kan àwa adúláwọ̀ ní ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀. Èkejì ni pé igi ni a fi kàn án, igi kò sì lè tọ́jú ara rẹ̀. Òjò ń pa á, oòrùn ń pa á, kòkòrò ń jẹ ẹ́. Bí igi bá wà láàyè fún 200 ọdún lẹ́yìn tí a ti gé e, a jẹ́ pé àwọn ènìyàn kan ni ó dúró tì í. Ohun tí a fẹ́ kí a jùmọ̀ yẹ̀ wò ni bí àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn ti ṣe é.

BÍ A TI KAN ỌKỌ̀ NÁÀ

Nígbà tí àwọn ará Amẹ́ríkà gba òmìnira kúrò lábẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì ní 1783, gbèsè wọ̀ wọ́n lọ́rùn tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ta àwọn ọkọ̀ ogun wọn. Ní 1785 ni wọ́n ta èyí tí ó kẹ́yìn. Láìpẹ́, àwọn ọlọ́ṣà ojú omi láti Algiers, ní ìhà àríwá Áfíríkà, bẹ̀rẹ̀ sí mú àwọn ọkọ̀ oníṣòwò wọn, wọ́n sì ń sọ àwọn atukọ̀ di ẹrú. Ọ̀ràn náà dun àwọn ará Amẹ́ríkà wọ egungun. Ní ọjọ́ 27 oṣù Máàṣì, 1794, wọ́n ṣe òfin pé kí a kan ọkọ̀ ogun mẹ́fà. Constitution jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, Ààrẹ George Washington ni ó sì yan orúkọ náà fún un.

Joshua Humphreys, ará Philadelphia, ni ó pète bí àwọn ọkọ̀ náà yóò ti rí. Ó mọ̀ pé ìlú òun kò lè ní ọkọ̀ púpọ̀ bí ti Gẹ̀ẹ́sì. Nítorí náà ó pinnu pé kí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan lágbára ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, kí ó sì yára tó láti sá fún èyí tí ó bá jù ú lọ. Ní ọgbà Edmund Hartt ní Boston ni a ti kan Constitution.

Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Àwọn wọ̀nyí kò fi igi yẹpẹrẹ kan ọkọ̀ wọn. Oríṣi igi óákù méjì ni wọ́n lò. Óákù funfun ni pákó tí a kàn mọ́ ara rẹ̀ nínú àti lóde. Láàárín pákó méjèèjì ni egungun ìhà ọkọ̀ náà wà, èyí tí a fi óákù mìíràn ṣe, irú èyí tí ewé rẹ̀ kì í wọ́ lọ́dún yípo, tí ó wúwo púpọ̀, tí líle rẹ̀ sì ń ba ẹnu àáké jẹ́. Ní ibi tí ara ọkọ̀ náà ti nípọn jù, ó ju 20 ínǹṣì lọ.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí igi líle yìí. Etí òkun Georgia, ní erékùṣù St. Simons, ni a ti gé púpọ̀ nínú rẹ̀. Ibà àti òjò ibẹ̀ dá àwọn agégi tí a kó wá láti ìhà àríwá dùbúlẹ̀. Àwọn ẹrú adúláwọ̀ sì wà lára àwọn tí ó fi agbára wọn gé igi náà, tí wọ́n sì wọ́ ọ dé etí omi. Ìlú tí ó ń kan ọkọ̀ nítorí pé a ń sọ ọmọ rẹ̀ di ẹrú ní Algiers, òun náà ni ó ń fi ọmọ ọlọ́mọ ṣe ẹrú nínú igbó Georgia. Nígbà tí a bá ń yin ọkọ̀ náà, ó yẹ kí a máa rántí ọwọ́ àwọn tí kò gba owó iṣẹ́.

Ní ọjọ́ 20 oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà, 1797, àwọn ènìyàn péjọ láti wo bí a ó ti ti ọkọ̀ náà sí omi. Ó rìn díẹ̀, ó dúró. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì wọ́n tún gbìyànjú, ó tún kọ̀. Ọjọ́ 21 oṣù Ọ́kítóbà ni ó tó gbà láti wọ omi. Owó tí a ná lé e lórí ju 300,000 dọ́là lọ, èyí tí ó jẹ́ owó ńlá ní ayé ìgbà náà. Gígùn rẹ̀ jẹ́ 204 ẹsẹ̀ bàtà, ó ní òpó ìgbòkun mẹ́ta, àwọn tí ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ ju 400 lọ. Wọ́n kà á sí ọkọ̀ alágbà 44, ṣùgbọ́n àgbá tí ó máa ń gbé ju 50 lọ. Paul Revere, gbajúmọ̀ alágbẹ̀dẹ Boston, ni ó rọ àwọn ìṣó bàbà tí a fi so igi rẹ̀ pọ̀. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ tí ó ń wà nínú omi ni wọ́n fi bàbà pẹlẹbẹ bò, kí kòkòrò òkun tí ń lu igi má baà rí i jẹ.

BÍ Ó TI GBA ORÚKỌ

Ọkọ̀ náà jà ní ogun Faransé láti 1798, ó sì wà nínú ogun tí a bá àwọn ará Tripoli jà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ṣùgbọ́n ogun tí Amẹ́ríkà bá Gẹ̀ẹ́sì jà láti 1812 ni ó sọ ọ́ di olókìkí. Ní oṣù Júláì ọdún náà, ọ̀wọ́ ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì lé e ní etí òkun New Jersey, afẹ́fẹ́ kò sì fẹ́ mọ́. Isaac Hull, ọ̀gá ọkọ̀, pàṣẹ pé kí a fi ọkọ̀ kékeré gbé ìdákọ̀ró lọ síwájú, kí a sọ ọ́ sí omi, kí àwọn tí ó wà nínú ọkọ̀ ńlá sì máa fa okùn rẹ̀, kí ọkọ̀ lè máa sún síwájú. Ju ọjọ́ méjì lọ ni wọ́n fi ṣe iṣẹ́ yìí tọ̀sán tòru, wọ́n sì bọ́.

Ní ọjọ́ 19 oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì, Constitution pàdé ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tí ń jẹ́ Guerriere. Kò pẹ́ tí àgbá Amẹ́ríkà fi ṣẹ́ gbogbo òpó ìgbòkun rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọta tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì yìn kò lè wọ igi óákù líle náà. Wọ́n ń ta padà, wọ́n ń bọ́ sínú òkun. Ìtàn sọ pé atukọ̀ kan tí ó rí i kígbe pé irin ni a fi ṣe ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ àwọn. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè é ní Old Ironsides, bí ẹni pé Arúgbó Alára-Irin. Kò sí irin lára rẹ̀ o. Igi ni.

Ní ọjọ́ 29 oṣù Dìsẹ́ńbà ọdún kan náà, lábẹ́ William Bainbridge, ó ṣẹ́gun ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì mìíràn, Java, ní etí òkun Bahia ní ilẹ̀ Brazil, níbi tí a ti ń kó ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá lọ ṣe ẹrú. Ní oṣù Fẹ́búárì, 1815, ó mú ọkọ̀ méjì lẹ́ẹ̀kan náà, Cyane àti Levant, nítòsí Madeira. Ní gbogbo ìgbésí ayé rẹ̀, kò sí ọ̀tá tí ó ṣẹ́gun rẹ̀ rí.

ỌKỌ̀ NÁÀ NÍ ETÍ ÒKUN ÁFÍRÍKÀ

Gbogbo wa ni a mọ ìtàn Àjàyí Crowther. Ní 1821 ni a kó o lẹ́rú ní Òṣogùn, ní ọjọ́ 7 oṣù Épírì, 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan, Myrmidon, gbà á sílẹ̀ lórí òkun lọ́wọ́ àwọn tí ó rà á ní Èkó, ó sì gbé e lọ sí Sierra Leone. Myrmidon náà jẹ́ ọkọ̀ onígi. Nítorí náà, ọkọ̀ ogun onígi kì í ṣe àlejò nínú ìtàn wa.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ gbígba ẹrú sílẹ̀ ní ìdènà kan. Àwọn ará Amẹ́ríkà kò gbà kí ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tú ọkọ̀ tí ó bá ta àsíá Amẹ́ríkà. Ẹní ń ṣòwò ẹrú kò ju kí ó ta àsíá náà lọ, ó sì ti bọ́. Ní 1842 àwọn ìjọba méjèèjì ṣe àdéhùn pé kí Amẹ́ríkà pẹ̀lú máa kó ọkọ̀ ogun wá sí etí òkun Áfíríkà. Constitution ni olórí àwọn ọkọ̀ náà láti 1853 títí di 1855, lábẹ́ Ọ̀gágun Isaac Mayo.

Ní ọjọ́ 3 oṣù Nọ̀fẹ́ńbà, 1853, ní ìhà gúúsù ẹnu odò Kóńgò, ó mú ọkọ̀ Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ H. N. Gambrill, tí a ti pèsè sílẹ̀ láti kó ẹrú. Ọkọ̀ kan péré ni ó mú ní gbogbo ìgbà náà. Ọkọ̀ tí Amẹ́ríkà rán wá kéré níye, òkun tí wọ́n ní láti ṣọ́ sì gbòòrò. Ìfẹ́ tí ìjọba wọn ní sí iṣẹ́ náà kò gbóná, nítorí òwò ẹrú ṣì ń lọ nílé wọn. Síbẹ̀, àwọn tí ì bá kún inú Gambrill kò dé inú rẹ̀. Igi tí ẹrú gé ní Georgia ni ó di ọkọ̀ tí ó dá ọkọ̀ ẹrú padà ní Kóńgò. Èyí ni a sọ níṣàájú pé ó kàn wá.

ÌGBÀ MẸ́TA TÍ Ó FẸ́RẸ̀Ẹ́ ṢÈGBÉ

Ọ̀tá kò rí Constitution rì, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mẹta ni àwọn onílé fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á.

Ti àkọ́kọ́ ni ti 1830. Ọkọ̀ náà ti tó ọdún 33 láti ìgbà tí ó ti wọ omi, igi rẹ̀ sì ń jẹrà. Ìwé ìròyìn kan ní Boston gbé e pé ìjọba fẹ́ tú u palẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ gan-an. Iye owó tí àtúnṣe rẹ̀ yóò gbà ni wọ́n ní kí a ṣírò. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́mọkùnrin ẹni ọdún 21 kan, Oliver Wendell Holmes, ka ìròyìn náà, inú bí i, ó sì kọ ewì kan tí a tẹ̀ jáde ní oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà. Ewì náà tàn ká gbogbo ilẹ̀ Amẹ́ríkà, igbe sì ta. Ìjọba pinnu láti tún ọkọ̀ náà ṣe. Ní ọjọ́ 24 oṣù Júùnù, 1833, a wà á wọ inú kòtò àtúnṣe olókùúta tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́ ní Boston, òun sì ni ọkọ̀ àkọ́kọ́ tí ó wọ̀ ọ́. Isaac Hull, tí ó fi í ṣẹ́gun ní 1812, ni ó wà nídìí rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì ni ti 1905. Ní àkókò yìí ayé ọkọ̀ onígi ti kọjá, irin àti ẹ̀rọ ti gba òkun. Wọ́n ti kan òrùlé lé Constitution lórí bí ahéré, ó sì ti di ibùgbé àwọn ọmọ ogun tuntun fún ọdún púpọ̀ kí a tó dá a padà sí Boston ní 1897. Charles Bonaparte, ẹni tí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ogun wà lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ìjọba, dá a lábàá pé kí a fà á lọ sí ojú òkun, kí àwọn ọkọ̀ tuntun máa yìnbọn sí i títí yóò fi rì. Moses Gulesian, ará Àméníà kan tí ó wá ṣe àtìpó ní Amẹ́ríkà, tí ó ń ṣòwò ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, sọ pé òun yóò fi 10,000 dọ́là rà á kí wọ́n má baà rì í. Nígbà tí àwọn ọmọ ilẹ̀ gbọ́ ohun tí àlejò sọ, ojú tì wọ́n. Ní 1906, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ya 100,000 dọ́là sọ́tọ̀ fún àtúnṣe.

Ti ẹlẹ́ẹ̀kẹta ni a fi sọ àkọlé ìtàn yìí. Ní nǹkan bí 1924 omi tún ti ń wọ inú ọkọ̀ náà, ojoojúmọ́ ni a ń fa á jáde. Ìjọba pinnu pé kí àwọn ará ìlú fúnra wọn dá owó àtúnṣe. Ní 1925 a ké sí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ní gbogbo ilẹ̀ náà pé kí wọ́n mú sẹ́ǹtì wá, èyí tí ó jẹ́ kọ́bọ̀ tiwọn. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Owó tí àwọn ọmọdé dá di 148,000 dọ́là. A ta àwòrán ọkọ̀ náà, a sì fi àwọn ìdì igi àti bàbà tí a yọ lára rẹ̀ ṣe ohun ìrántí tí àwọn ènìyàn ń rà. Owó náà kò tó tán, nítorí bí wọ́n ti ń ṣí pákó ni wọ́n ń rí ìjẹrà sí i. Ìjọba sì fi tirẹ̀ kún un. Ìná gbogbo rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù kan dọ́là.

Nígbà tí iṣẹ́ parí, wọ́n ní ẹni tí ó dá owó ní ẹ̀tọ́ láti rí ohun tí a fi ṣe. Láti oṣù Júláì, 1931 títí di 1934, a fa ọkọ̀ náà yí etí òkun Amẹ́ríkà ká, láti ìlà-oòrùn gba Panama dé ìwọ̀-oòrùn. Ó yà sí èbúté ní ìgbà 90, àwọn tí ó wọ inú rẹ̀ láti wò ó sì ju mílíọ̀nù mẹ́rin àti ààbọ̀ lọ. Ọmọ tí ó dá kọ́bọ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ rí pákó tí kọ́bọ̀ rẹ̀ rà. Kò sí ìṣírò owó ẹgbẹ́ tí ó dára ju èyí lọ.

BÍ A TI Ń TỌ́JÚ RẸ̀

Láti 1954 ni òfin ti fi ìtọ́jú ọkọ̀ náà lé ìjọba lọ́wọ́. Àwọn ọ̀gá gbẹ́nàgbẹ́nà tí ó mọ iṣẹ́ ọkọ̀ àtijọ́ ń bẹ nídìí rẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Lẹ́yìn ọdún bíi mélòó kan, a ó tún wà á wọ inú kòtò olókùúta náà, a ó ti ilẹ̀kùn kòtò, a ó fa omi rẹ̀ gbẹ, kí ìsàlẹ̀ ọkọ̀ lè hàn sí gbangba. Èyí tí a ṣe láti 2015 sí 2017 ni a fi pààrọ̀ bàbà ìsàlẹ̀ rẹ̀ àti àwọn pákó tí ó ti gbó.

Ohun méjì nínú ìtọ́jú yìí ni ó wú wa lórí jù. Èkíní ni ti igi. Ní 1976 a ya apá kan sọ́tọ̀ nínú igbó óákù funfun kan tí ó jẹ́ ti ìjọba ní Crane, ní ìpínlẹ̀ Indiana, fún àtúnṣe ọkọ̀ yìí. Igi óákù kì í tó gé láàárín ọdún mélòó kan; ẹni tí ó ń tọ́jú igi kékeré nínú igbó náà lónìí mọ̀ pé ojú òun kò ní rí ọjọ́ tí a ó gé e. Ẹni tó da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.

Èkejì ni ti ẹ̀yìn ọkọ̀ tí ó tẹ̀. Omi a máa ti àárín ọkọ̀ onígi sókè, nígbà tí orí àti ìdí rẹ̀ ń wọlẹ̀ nítorí ìwúwo. Nígbà tí a wọ̀n Constitution ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1990, igi ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà kan lọ. Nígbà tí wọ́n wádìí àkọsílẹ̀ Humphreys, wọ́n rí i pé ó ti fi àwọn igi ńláńlá dábùú inú ọkọ̀ náà láti dènà èyí gan-an. Àwọn tí ó tún ọkọ̀ ṣe ní àárín kan ti yọ wọ́n kúrò. A dá àwọn igi náà padà sí ààyè wọn, ẹ̀yìn ọkọ̀ sì nà. Ní ọjọ́ 21 oṣù Júláì, 1997, Constitution ta ìgbòkun, ó sì fi afẹ́fẹ́ nìkan rìn lórí òkun fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún 116. Bí kò bá sí ìwé tí ẹni tí ó pète rẹ̀ kọ sílẹ̀, ta ni ì bá mọ ohun tí ó sọnù?

Àwọn ará Sweden pẹ̀lú ní ọkọ̀ ogun onígi kan tí ń jẹ́ Vasa, ṣùgbọ́n ọ̀nà tiwọn yàtọ̀. Ó rì ní ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ jáde ní Stockholm, ní 1628, a kò sì gbé e jáde kúrò nínú omi títí di 1961. Ọdún 17 ni wọ́n fi ń fọ́n oògùn sí igi rẹ̀ kí ó má baà fọ́ bí ó ti ń gbẹ. Iṣẹ́ ìyanu ni. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó bí ìdúró ti ohun tí a kò jẹ́ kí ó bọ́ lọ́wọ́ ti rọrùn ju wíwá ohun tí ó ti rì lọ.

ṢÉ ỌKỌ̀ ÀTIJỌ́ NÁÀ NI?

Ẹnì kan lè bi wá pé: bí a bá ń pààrọ̀ pákó láti 1833 wá, kí ni ó kù lára ọkọ̀ Humphreys? Àwọn tí ń tọ́jú rẹ̀ sọ pé ìdá mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún igi rẹ̀ ni ó ṣẹ́ kù láti ìbẹ̀rẹ̀, ní ìsàlẹ̀ pátápátá. Ǹjẹ́ ọkọ̀ náà ni a ṣì ń wò?

Ìbéèrè yìí kò yẹ kí ó ṣòro fún ọmọ Yorùbá. Ọba ń wàjà, oyè kì í wàjà. Aṣọ eégún ìdílé, ọdọọdún ni a ń lẹ aṣọ tuntun mọ́ ọn, síbẹ̀ eégún baba wọn ni. Àfin tí a ti tún kọ́ nígbà púpọ̀, àfin náà ni. Ohun tí ó so ti àná mọ́ ti òní ni pé àwọn tí ń pààrọ̀ rẹ̀ kò fi ààyè sílẹ̀ láàárín, wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń pààrọ̀, wọ́n sì mọ ìdí rẹ̀. Bí a bá já okùn náà lẹ́ẹ̀kan, ohun tuntun ni a ń ṣe, kì í ṣe ti àtijọ́ mọ́.

Ọ̀RỌ̀ DI TIWA

Ní 1925 ni àwọn ọmọ Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí dá kọ́bọ̀ kí ohun igi wọn má baà kúrò nílẹ̀ wọn. Ní 1924, èyí tí ó ṣáájú rẹ̀, ilẹ̀kùn àfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ti dé Lọ́ńdọ̀nù. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, tí ó kú ní 1938, tí ọ̀pọ̀ kà sí ọ̀gá àwọn agbẹ́gilére Yorùbá ní ìgbà rẹ̀, ni ó gbẹ́ ilẹ̀kùn náà, ó sì ya àwòrán bí ọba ti gba aṣojú Gẹ̀ẹ́sì lálejò sí i. Wọ́n gbé e lọ síbi àfihàn ńlá tí a ṣe ní Wembley, àwọn tí ó rí i kò sì fẹ́ kí ó padà mọ́. Wọ́n fi ìtẹ́ tí a ṣe ní Ìlú Òyìnbó ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀. Inú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Gẹ̀ẹ́sì ni ó wà títí di òní. Òpó àfin kan náà, iṣẹ́ Ọlọ́wẹ̀ náà, ń bẹ ní Chicago. A tọ́jú wọn dáradára níbẹ̀, a kò lè sẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọ Ìkẹ́rẹ́ tí ó bá fẹ́ rí ilẹ̀kùn ilé baba rẹ̀ níláti gba ìwé àṣẹ ìrìnnà lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Ẹni kọ̀ọ̀kan wa mọ ohun tí a fi igi ṣe tí ó kù sílẹ̀ nílùú wa: òpó, ilẹ̀kùn, ìlù, ère, ọpọ́n. A tún mọ àwọn ọ̀tá wọn. Ikán ni ọ̀tá àkọ́kọ́. Inú ni ó ti ń jẹ òpó, òde a sì máa dán. Òrùlé tí ń jò ni èkejì. Ẹni tí ń fi owó díẹ̀ tan ọmọ ìdílé lóru ni ẹ̀kẹta. Àìbìkítà tiwa, tí a ń wí pé ohun àtijọ́ ti kọjá, ni ó burú ju gbogbo wọn lọ.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn wa sí ìpàdé gbogbogbòò ẹgbẹ́ wa jẹ́ mẹ́rin, gbogbo wọn ni a sì rí kọ́ lára ọkọ̀ onígi náà. Kí a ka gbogbo ohun àtijọ́ ìlú, kí a ya àwòrán wọn, pẹ̀lú àṣẹ Kábíyèsí àti ti àwọn olórí ìdílé tí ó ni wọ́n, kí ohun tí ó bá sọnù lè ní ẹlẹ́rìí. Kí a kọ ọ̀rọ̀ àwọn àgbà àti àwọn agbẹ́gi sílẹ̀ nísinsìnyí, kí a mọ ìdí tí a fi gbé òpó kọ̀ọ̀kan sí ibi tí ó wà, kí àwọn tí yóò tún un ṣe má baà yọ igi tí kò yẹ kí a yọ. Kí a gbin ìrókò sí ilẹ̀ tí ìlú bá yà sọ́tọ̀, fún àtúnṣe tí àwọn ọmọ ọmọ wa yóò ṣe. Kí a sì jẹ́ kí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ wa dá owó kékeré tiwọn, bí ó ti wù kí ó mọ, kí a sì mú wọn lọ wo ohun tí a fi ṣe.

Àwọn ọmọ wa tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ní Amẹ́ríkà àti níbòmíràn lè fi owó tó pọ̀ ránṣẹ́, a ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n kí a má jẹ́ kí owó ńlá gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ àwọn ọmọdé ilé. Ẹni tí ó bá fi kọ́bọ̀ rẹ̀ ra ìṣó kan fún òpó àfin kò ní jí òpó náà tà nígbà tí ó bá dàgbà. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Ẹni tí ó bá wà nítòsí Boston nínú yín, kí ó lọ wo Constitution fún ara rẹ̀. Kí ó fi ọwọ́ kan igi rẹ̀, kí ó rántí àwọn tí ó gé e ní Georgia, kí ó sì kọ̀wé sí wa nípa ohun tí ó rí, kí a lè tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ti ọdún tí ń bọ̀. Kí ìlú wa ó tòrò, kí ó tùbà, kí ó tùṣẹ. Àṣẹ.